Ara Ògiri Ni Àìsàn Wà, Kọ̀ǹpútà Là Ń Bá Wí

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti ń retí apá kejì ọ̀rọ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ lórí orúkọ àwọn ìlú Àwórì. Àwọn kan tiẹ̀ pè mí lórí fóònù láti bèèrè bóyá ara mi kò yá. Ara mi le. Kọ̀ǹpútà mi ni kò yá.

Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tí kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ nílé mi ní Mowe ti ń dákú. N ó máa tẹ ọ̀rọ̀ lọ, ojú rẹ̀ á kàn ṣú, á pa ara rẹ̀, á sì tún tan ara rẹ̀ padà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Lọ́jọ́ mìíràn, ojú rẹ̀ á di àwọ̀ aró, á kọ èdè òyìnbó kan síbẹ̀ tí kò yé onílé, tí kò yé àlejò. Àwọn ọmọ mi tó wà lókè òkun ní, “Dádì, ẹ gbé e jù sílẹ̀ jàre, ẹ ra tuntun.” Ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ibafo yẹ̀ ẹ́ wò fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ó ní motherboard rẹ̀ ló ti kú, pé òun ní tòkunbọ̀ kan nílẹ̀ tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀.

Kí ló wá dé tí mi ò tètè dá wọn lóhùn? Ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà ni. Láàárín 1984 sí 1991, mo gbé rédíò kásẹ́ẹ̀tì kọ́rùn kiri Ifo, Ibafo, Mowe àti àwọn abúlé tó yí wọn ká, mo ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, àwọn tó ń sọ ẹ̀ka èdè Àwórì àti ti Ẹ̀gbá bí wọ́n ṣe bá a lẹ́nu àwọn òbí wọn. Kásẹ́ẹ̀tì 63 ni gbogbo rẹ̀. Àwọn tó sọ̀rọ̀ nínú wọn ti kú tán. Kásẹ́ẹ̀tì fúnra wọn ti ń hu funfun. Inú kọ̀ǹpútà yìí ni ohùn wọn wà, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀ láti ẹnu wọn wà.

Nítorí náà, mo ní kí n kọ́kọ́ yẹ ìtàn wò kí n tó yẹ àpò wò. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Reluwé dé Ifo, iná kò bá a wá

Ọdún kan náà, 1896, ni iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn l’Ékòó, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó wá sí òkè. Ojú irin náà gba Ifo kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, ó dé Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i ní 1901. Iná ní tirẹ̀ kò rìn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá tí mo bá sọ̀rọ̀ ní Ifo mọ ìró reluwé láti kékeré, àmọ́ fìtílà ni wọ́n fi ń dáná alẹ́ títí wọ́n fi darúgbó.

Ní 1951 ni ìjọba kó àwọn ibùdó iná káàkiri orílẹ̀-èdè yìí sábẹ́ iléeṣẹ́ kan ṣoṣo, ECN. Ní 1962, wọ́n dá iléeṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ tó máa bójú tó ìdídò odò Ọya, iṣẹ́ rẹ̀ ló sì bí Kainji tó bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè iná ní 1968. Ní 1972, wọ́n da àwọn méjèèjì pọ̀, wọ́n pè é ní NEPA. Ní 2005, NEPA di PHCN. Nígbà tó di oṣù kọkànlá 2013, ìjọba fa pípín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Orúkọ ń yí, ṣùgbọ́n ẹnu wa kò yí. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí NEPA ti kógbá sílé ló ń pariwo “Up NEPA!” ládùúgbò mi lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìtumọ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹ rí i bí orúkọ ṣe ń pẹ́ ju ẹni tó ni ín lọ.

Agbègbè tiwa yìí wá ní ìtàn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Kó tó dìgbà náà, oko àti abúlé ni Mowe àti Ibafo. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tí owó ilé Èkó ti ga jù lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ralẹ̀ níbí. Èmi náà wà lára wọn, mi ò ní purọ́. Ilé ń pọ̀ ju tiransifọ́mà lọ. Tí ilé tó pọ̀ bá so mọ́ tiransifọ́mà kan ṣoṣo, tí wáyà sì gùn, iná tó yẹ kó wọlé ní fóltì 230 lè má tó 160 tí gbogbo ayé bá tan fìríìjì lálẹ́. Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ tí wọ́n tún dá a padà, á lè fò sókè kọjá 250. Gílóòbù á kàn pọ́n tàbí kó mọ́lẹ̀ jù. Kọ̀ǹpútà kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Àṣá tí a gbé wọlé láìní ìtẹ́

Ìgbà ìkànìyàn 1962 sí 1963 ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ bí kọ̀ǹpútà ṣe wọ Nàìjíríà. Irú kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn, yàrá tirẹ̀ ló ní, tó tutù, tí wọ́n ṣètò iná rẹ̀ lọ́tọ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń tọ́jú bí ọmọ ọba. Ní 1981, IBM gbé kọ̀ǹpútà kékeré tó ṣeé gbé ka orí tábìlì jáde, ohun gbogbo sì yí padà. Ẹ̀rọ náà wọ ọ́fíìsì, ó wọ ilé, àmọ́ yàrá tútù àti ètò iná kò bá a wọlé. Ara ògiri lásán la ti ń fún un lóúnjẹ.

Àwa Yorùbá pè é ní ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá. Orúkọ tó dùn ni. Ohun tí a kò sọ nínú orúkọ náà ni pé àṣá kì í fò dáadáa lójú ọjọ́ tí ìjì ń jà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàpèjúwe àìsàn rẹ̀ pẹ̀lú. A máa ń ní “ó kú,” “ó dákú,” “ó hang,” “ó ti jó.” Òyìnbó ní tiwọn pe àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ní kòkòrò. Ní 1947, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lo kọ̀ǹpútà Mark II ní Harvard rí kòkòrò abìyẹ́ kan nínú ẹ̀rọ náà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu àwọn ẹnjiníà ṣáájú ìgbà yẹn, àwàdà ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Àmọ́ ẹ kíyè sí i: wọ́n ṣí ẹ̀rọ, wọ́n wá ohun tó ń ṣe é, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Àwa, tó bá ti “kú,” ìsìnkú ló kù. Ọ̀rọ̀ tí a yàn ti ṣèdájọ́ kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tòkunbọ̀

Ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1990, àdúgbò Ọ̀tígbà n’Íkẹjà, tó jẹ́ àdúgbò ilé gbígbé tẹ́lẹ̀, di ọjà kọ̀ǹpútà tí gbogbo wa mọ̀. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ti ra àkọ́kọ́, tòkunbọ̀ sì ni. Mi ò bú tòkunbọ̀. Òun ló jẹ́ kí olùkọ́ tó ń gba owó oṣù kékeré lè ní kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ní 2005, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Basel Action Network gbé ìwádìí kan jáde lórí ọjà náà. Wọ́n ní nǹkan bí kọ̀ǹténà 500 ẹrù bẹ́ẹ̀ ló ń wọ Èkó lóṣooṣù, àti pé ó lè tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ tó jẹ́ ìdọ̀tí tí kò ṣeé lò, tí kò sì ṣeé tún ṣe.

Ohun méjì mìíràn tún pa mọ́ sínú àwọn ẹrù náà. Àkọ́kọ́, iná Amẹ́ríkà kò ju nǹkan bí fóltì 120 lọ. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ìgbà náà ní bọ́tìnì pupa kékeré kan lẹ́yìn, 115 lápá kan, 230 lápá kejì. Bí ó bá ti Amẹ́ríkà wá ní 115, tí o sì so ó mọ́ iná tiwa láìyí i, ìró kan ni wàá gbọ́, èéfín á tẹ̀lé e. Ìkejì, láti nǹkan bí 1999 títí dé nǹkan bí 2007, àwọn capacitor tí kò dára tàn ká inú kọ̀ǹpútà lágbàáyé. Capacitor ni àwọn kinní róbótó bí agolo kékeré tó ń mú iná dúró ṣinṣin nínú ẹ̀rọ. Omi inú àwọn yìí ni wọn kò pò dáadáa. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, orí wọn á wú, wọ́n á jò, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í dákú láìnídìí. Nígbà tí òyìnbó fi máa tà wọ́n nù, tí wọ́n fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, àkókò àtiwú wọn ti tó.

Bí mo ṣe ń sọ yìí, ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ní 2009, kọ̀ǹpútà mi ń dákú bí ti ìsinsìnyí. Mi ò yẹ ohunkóhun wò. Mo ra tòkunbọ̀ mìíràn, mo gbé àtijọ́ fún àwọn tó ń ra ìdọ̀tí. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, èyí tí mo rà tún bẹ̀rẹ̀, lórí tábìlì kan náà, lára ògiri kan náà. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń kó kásẹ́ẹ̀tì kẹtàdínlógún sínú rẹ̀, iná fò, ó kú. Ìyá àgbà kan ní Ifo ló ń sọ̀rọ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, ó ń sọ bí ìyá tirẹ̀ ṣe ròyìn àwọn tó ń la ojú irin. Ìṣẹ́jú 45 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìṣẹ́jú 11 ló kù nínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo padà sídìí kásẹ́ẹ̀tì, téèpù rẹ̀ já sínú rédíò, ó sì wé mọ́ ara rẹ̀.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ló gbà mí kí n tó bi ara mi léèrè pé: bí kọ̀ǹpútà méjì bá kú lójú kan náà, ṣé kọ̀ǹpútà ni àìsàn ń ṣe?

Ìyípadà kì í wá lọ́fẹ̀ẹ́

Ìdí kejì tún wà tí mi ò fi sáré ra tuntun. Ìtàn àmì ohùn ni. Láti ìgbà tí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, títí dé ìpàdé lórí àkọtọ́ ní 1875, títí dé èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, ariyanjiyàn lórí ohun tó yẹ ká kọ sábẹ́ lẹ́tà àti sórí rẹ̀ kò tán. Nígbà tí kọ̀ǹpútà wá dé, kò mọ ẹ, kò mọ ọ, kò mọ ṣ. Kí la ṣe? Olúkúlùkù dá fọ́ǹtì tirẹ̀. A mú àyè lẹ́tà àwọn Faransé tàbí ti Jámánì tí a kò nílò, a fi tiwa síbẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, ó kà dáadáa. Lórí tìrẹ, kàǹgídì ni.

Ní 1993, Unicode fún ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn. Àmọ́ ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní àyè kan ṣoṣo títí di òní. Lẹ́tà lọ́tọ̀, àmì ohùn lọ́tọ̀, kọ̀ǹpútà ló ń gbé ọ̀kan lé èkejì. Gbogbo ohun tí mo kọ kí n tó gba Unicode, fọ́ǹtì àtijọ́ ni mo fi kọ ọ́, kọ̀ǹpútà àtijọ́ yìí nìkan ló sì ń ṣí i bó ṣe yẹ. Tí mo bá gbé e sórí ẹ̀rọ tuntun láìṣètò, ohùn àwọn baba wa á di ìdàrúdàpọ̀ lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ni iṣẹ́ ogún ọdún wọn wà lórí díìsì báyìí tí kò sẹ́ni tó lè kà á.

Igbá, igba, ìgbà, ìgbá

Ẹ rántí bí mo ṣe máa ń kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin wọ̀nyí sójú pátákó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tó yàtọ̀, nǹkan kan ṣoṣo là ń yí. A kì í yí kọ́ńsónáǹtì, ká yí fáwẹ̀lì, ká tún yí ohùn, ká wá ní a mọ ohun tó mú ìtumọ̀ yàtọ̀. Ọ̀nà yẹn náà ni mo gbà yẹ kọ̀ǹpútà mi wò.

Mo kọ́kọ́ gba ìwé kan, mo ń kọ ìgbà tó bá dákú, irú iná tó wà lórí, àti iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó dákú lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Mẹ́wàá nínú rẹ̀, yálà láàárín aago méje sí mẹ́wàá alẹ́ ni, tàbí ní kété tí iná ọba àti jẹnẹrétọ̀ bá ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Mẹ́ta, ọ̀sán ni, nígbà tí mo ń yí ohùn kásẹ́ẹ̀tì padà, iṣẹ́ tó máa ń mú ẹ̀rọ gbóná. Ọ̀kan tó kù, mi ò rí ìdí rẹ̀. Mo yá ẹ̀rọ tí àwọn oníná fi ń wọn iná: fóltì 148 lálẹ́ ọjọ́ kan, 256 láàárọ̀ ọjọ́ kejì nígbà tí iná dé. Windows fúnra rẹ̀ ní àkọsílẹ̀ tó ń pè ní Event Viewer. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni Kernel-Power 41, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ pa láìjẹ́ pé a pa á bó ṣe yẹ. Ó sọ pé ẹnìkan kú, kò sọ ohun tó pa á.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí nǹkan, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo yá inverter lọ́wọ́ ọmọ àbúrò mi, mo so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn nìkan fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó dákú lẹ́ẹ̀mejì péré, méjèèjì nígbà iṣẹ́ ohùn. Mo ní kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n fọn eruku ọyẹ́ ọdún mélòó kan kúrò lára fáànù, kí wọ́n sì pààrọ̀ ọ̀rá tó ń gbé ooru kúrò lórí processor. Ọ̀sẹ̀ kan mìíràn, kò dákú rárá. Mo fi ètò kan dán RAM wò mọ́jú, kò ní àléébù. Hard disk ní tirẹ̀ ti ní àwọn ibi tó kú, ìyẹn ni kò ṣeé fojú fò. Nígbà tí onímọ̀ kan wá ṣí àpótí tó ń gba iná wọlé, capacitor méjì ti wúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí àpótí yẹn fúnra yín o. Iná lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ lára ògiri.

Motherboard tí wọ́n ní ó kú, ó wà láàyè.

Ṣé kí n rà tàbí kí n má rà?

Mo pààrọ̀ àpótí iná. Mo ra SSD, mo da gbogbo ohun tó wà lórí hard disk sórí rẹ̀ kí èyí tó kù tó kú. Mo ra inverter kékeré àti bátìrì tèmi. Mi ò fi kún RAM, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé kí n fi kún un. RAM kì í wo àìsàn iná. Àròpọ̀ owó gbogbo rẹ̀ kò tó iye tí mo fẹ́ fi ra kọ̀ǹpútà tuntun, tí ǹ bá sì rà á, ara ògiri yẹn náà ni ǹ bá so ó mọ́.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ tan yín jẹ. Ẹ̀rọ mi kò lè gba Windows 11 tó jáde ní 2021, nítorí kò ní TPM 2.0 tí wọ́n ń bèèrè. Windows 10 tó wà lórí rẹ̀, àwọn tó ṣe é ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe fún XP ní 2014. Nítorí náà, mo ti yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Laptop kékeré tí ọmọ-ọmọ mi fi sílẹ̀ ni mo fi ń kọ èyí sí yín. Àtijọ́ yìí, iṣẹ́ ohùn àti fọ́ǹtì àtijọ́ nìkan ló kù fún un. Mo ń yí àwọn àkọsílẹ̀ náà sí Unicode ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti parí 21 nínú 63. Ọjọ́ tí mo bá parí rẹ̀, n ó ra tuntun tọkàntọkàn.

Tí irú èyí bá bá yín, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta kẹ́ ẹ tó ṣí àpò. Ṣé ẹ̀rọ ló ń ṣàìsàn, àbí ohun tó ń jẹ? Kí ni ẹ̀rọ àtijọ́ ń ṣe tí tuntun kò ní lè ṣe? Ẹ̀dà mélòó lẹ ní nínú ohun tí ẹ kò lè rí rà lọ́jà? Tèmi ti di mẹ́ta báyìí: ọ̀kan nílé, ọ̀kan lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin n’Íbàdàn, ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìṣẹ́jú 11 ti ìyá Ifo wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi tó dé tó fi já ni ibi tó ti ń ka orúkọ àwọn ọkùnrin tó bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ lójú irin. Ó ti ka mẹ́rin, ó sì ń mí kó lè ka ìkarùn-ún.

Apá kejì orúkọ ìlú Àwórì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí iná bá gbà fún wa. Ó dàbọ̀.